Kí Ìwé Tó Dé Ṣómólú

Ní ọdún 1929, àwọn tó ń ra ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í bá lẹ́tà kan pàdé nínú rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Obìnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Sẹ̀gilọlá ló ń kọ ọ́. Ó ti dàgbà, àìsàn ti dá a wó, ó sì ń ròyìn bí òun ṣe lo ìgbà èwe òun láàárín àwọn ọkùnrin Èkó. Àwọn ènìyàn gbà á gbọ́. Wọ́n ń kọ̀wé sí olóòtú nítorí rẹ̀, ẹlòmíràn tilẹ̀ fi owó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun fún un. Kò sí Sẹ̀gilọlá kankan níbì kan. Isaac Babalọlá Thomas, tó ni ìwé ìròyìn náà tó sì tún jẹ́ olóòtú rẹ̀, ló jókòó tó ń kọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tó di 1930, ó kó àwọn lẹ́tà náà jọ, ó sọ wọ́n di ìwé. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló ka ìwé yìí sí ìtàn àròsọ gígùn àkọ́kọ́ lédè Yorùbá, nítorí ọdún 1938 ni Ògbójú Ọdẹ ti D.O. Fágúnwà ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde.

Àwọn olùkọ́ lítíréṣọ̀ máa ń jiyàn lórí ta ló ṣíwájú ta. Èmi kò bá tiyàn yẹn wá. Ohun tó wù mí nínú ọ̀rọ̀ Thomas ni bó ṣe to iṣẹ́ rẹ̀: òǹkàwé ti wà nílẹ̀, wọ́n ti ń béèrè, kí ìwé tó dé.

Lóde òní, òdìkejì rẹ̀ là ń rí. Ẹnì kan á kọ ìwé tán, á yá owó lẹ́gbẹ́ alájẹṣẹ́kù, á gba Ṣómólú lọ, ní àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, á tẹ ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà, á ṣe ìkójáde, á wá kó èyí tó ṣẹ́ kù sábẹ́ ibùsùn. Bí ẹ bá mọ iye páálí ìwé tó wà lábẹ́ ibùsùn ní Ìbàdàn nìkan! Ìwé náà lè dára o. Kò kàn sí ẹni tó ń retí rẹ̀ ni. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ fúnra rẹ̀ tẹ ìwé jáde, iṣẹ́ wíwá òǹkàwé ni kó kọ́kọ́ ṣe, kí ọ̀rọ̀ atẹ̀wé tó wọlé.

Ìwé ìròyìn tí Thomas fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, gbogbo wa la ti ní irú rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí láìná kọ́bọ̀. WordPress àti Blogger ń fún èèyàn ní búlọ́ọ̀gì lọ́fẹ̀ẹ́. Substack ń bá òǹkọ̀wé fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ímeèlì àwọn tó bá forúkọ sílẹ̀. Facebook wà, WhatsApp wà. Ní 2009, Kọ́lá Túbọ̀sún lọ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Yorùbá ní yunifásítì kan ní Edwardsville, ní ìpínlẹ̀ Illinois lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó dá búlọ́ọ̀gì kan sílẹ̀, ó pè é ní KTravula, ó ń kọ ohun tí ojú rẹ̀ ń rí níbẹ̀ síbẹ̀. Ìwé ewì rẹ̀ tó dá lórí ìlú náà, Edwardsville by Heart, jáde ní 2018. Kí ìwé yẹn tó dé, àwọn tó ti ń bá a rìn nílùú náà lórí búlọ́ọ̀gì ti mọ òpópónà rẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ máa gbé ìtàn síta díẹ̀díẹ̀, ẹ mú ọjọ́ kan lọ́sẹ̀, kí ẹ má sì yẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá ń kọ nígbà tó bá wù ú, òǹkàwé á máa kà á nígbà tó bá wù wọ́n. Ẹ jẹ́ kí apá kọ̀ọ̀kan kúrú tó ohun tí èèyàn lè kà tán nínú dáńfó, kó sì dúró síbi tí ọkàn kò ti balẹ̀. Ẹ má sì kó gbogbo ìwé síta. Èmi yóò ní kí ẹ gbé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìtàn náà jáde, kí ẹ pa ìyókù mọ́. Ìdí kan wà fún èyí yàtọ̀ sí ọgbọ́n ọjà: ẹni tó bá fi ìwé rẹ̀ sínú ètò tí Amazon ń pè ní KDP Select kò gbọdọ̀ ní ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwé yẹn lọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì níbòmíràn fún 90 ọjọ́, ìbáà jẹ́ lórí búlọ́ọ̀gì ara rẹ̀, nítorí náà ẹ ó yọ èyí tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ kúrò kí ẹ tó wọ ètò náà. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń tẹ bọ́tìnnì yẹn láìka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Facebook gba ìkíyèsí. Ayálégbé ni gbogbo wa níbẹ̀, onílé sì lè ti ilẹ̀kùn nígbà tó bá fẹ́. Àwa tó ń tẹ̀wé ní Nàìjíríà ti rí i lójú ara wa. OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013, ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé wa fi kọ́ bí a ṣe ń ta ìwé lórí fóònù. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2023, ó kógbá sílé. Òǹkọ̀wé tó ní orúkọ, nọ́ńbà àti ímeèlì àwọn òǹkàwé rẹ̀ lọ́wọ́ kó wọn lọ síbòmíràn. Ẹni tí kò ní, ibi tí OkadaBooks ti kógbá ni òun náà ti kógbá. Torí náà, ibikíbi tí ẹ bá ń kọ ọ́ sí, ẹ máa gba orúkọ sílẹ̀, kódà nínú ìwé àjákọ. WhatsApp wúlò gan-an fún èyí, àmọ́ ẹ mọ òfin rẹ̀: àkójọ ìkéde kan kò lè ju 256 ènìyàn lọ, ẹni tí kò bá sì fi nọ́ńbà yín pamọ́ sórí fóònù rẹ̀ kò ní rí ohun tí ẹ fi ránṣẹ́. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n fi nọ́ńbà náà pamọ́.

Ó yá, àtúnṣe. Ibí yìí gan-an ni ìwé Yorùbá ti ń kú.

Ẹni tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì ní ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ. Bí ó bá ṣi lẹ́tà kan kọ, ìlà pupa á yọ. Word tó bá rò pé Gẹ̀ẹ́sì lẹ̀ ń kọ, gbogbo ojú ewé yín ni yóò fi ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀, èyí tẹ́ ẹ kọ re àtèyí tẹ́ ẹ kọ burúkú. Ojú ènìyàn la gbẹ́kẹ̀ lé. Ojú yẹn kò sì gbọdọ̀ jẹ́ ti òǹkọ̀wé, nítorí ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń kà, kì í ṣe ohun tó wà lórí pépà.

Iṣẹ́ mẹ́ta ló wà nínú ohun tí à ń pè ní àtúnṣe, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kan náà. Ẹnì kan ń wo ìtàn: ṣé ó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ṣé ìyá Àjọkẹ́ tó kú ní orí kẹta kò tún wá ń dáná ní orí keje. Ẹnì kan ń wo èdè àti àkọtọ́. Ẹnì kẹta ń ka ìwé náà lẹ́yìn tí wọ́n bá ti tò ó tán, nítorí títò máa ń mú àṣìṣe tirẹ̀ wá. Bí owó kò bá tó fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, àwọn ọ̀rẹ́ mẹ́ta tí kì í purọ́ fún yín lè ṣe èkíní. Ẹ fi owó sórí èkejì. Ẹ̀ka Yorùbá wà ní Ìbàdàn, ó wà ní Ifẹ̀, ó wà ní Èkó, ó wà ní Adéyẹmí ní Oǹdó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gboyè tó wà níbẹ̀ sì ń wá iṣẹ́. Ẹ sanwó fún wọn bó ṣe yẹ. Kì í ṣe kí ẹ fún wọn ní "kí Ọlọ́run san án fún ọ."

Kí ẹ tó gbé ìwé fún ẹnikẹ́ni, ẹ kọ ojú ewé kan tó ń sọ bí ẹ ti ń kọ ọ̀rọ̀ tó ṣeé kọ lọ́nà méjì: ṣé "òǹkọ̀wé" ni tàbí "ònkọ̀wé", ṣé "ènìyàn" ni tàbí "èèyàn". Àkọtọ́ tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1974 ló yẹ ká máa tẹ̀ lé, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló jẹ́ pé Bíbélì àtijọ́ la fi kọ́ ìwé kíkà, tí "aiye" àti "enia" ṣì ń jáde lọ́wọ́ wa láìmọ̀. Bí ojú ewé yẹn bá wà, olóòtú kò ní máa bá yín jà lórí ohun tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ ṣe.

Ẹ gbọ́, mo mọ̀ pé àwọn kan ń sọ pé àmì ohùn kò pọn dandan, pé Yorùbá á mọ̀ ọ́n kà. Yorùbá ò ní í mọ̀ ọ́n kà. Láàárín "kó wá" àti "kò wá", odindi ìpàdé ẹbí lè dàrú. Ẹni tó ń kàwé náà á dúró, á padà sẹ́yìn, á tún un kà, tí ìyẹn bá sì ṣẹlẹ̀ tó ìgbà mẹ́wàá lójú ewé kan, á gbé ìwé sílẹ̀, á ní Yorùbá ṣòro kà. Ìwé náà ló ṣòro kà.

Ẹ̀rọ náà tún ní wàhálà tirẹ̀, ó sì yẹ kí òǹkọ̀wé mọ ìdí rẹ̀ kí ó má baà máa bú kọ̀ǹpútà. Nínú Unicode, ìyẹn àkójọ tí gbogbo kọ̀ǹpútà àgbáyé fi mọ lẹ́tà, ẹ wà gẹ́gẹ́ bí odindi lẹ́tà, á náà wà gẹ́gẹ́ bí odindi. Ṣùgbọ́n ẹ́ kò sí gẹ́gẹ́ bí odindi. Kọ̀ǹpútà ń mú ẹ, ó ń wá àmì òkè, ó ń gbé e lé e lórí. Fọ́ǹtì tí wọn kò ṣe fún irú iṣẹ́ yìí á gbé àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí ó gbé e sórí lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Charis SIL àti Gentium, tí àjọ SIL ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́, gbé e síbi tó yẹ. Noto ti Google náà ń ṣe é dáadáa. Fún títẹ̀, Gboard wà lórí fóònù, ó ní Yorùbá nínú. Keyman wà fún kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ lòun náà. Àwọn kan ń fi ìlà kékeré dípò àmì tó-tó sábẹ́ ẹ àti ọ. Lójú ènìyàn, ọ̀kan náà ni méjèèjì, lójú kọ̀ǹpútà, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí orí kan nínú ìwé bá lo èyí, tí orí kejì lo tọ̀hún, ẹ ó wá "ọmọ" títí, ẹ kò ní rí ìdajì wọn. Ẹ yan ọ̀kan.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ ìtọ́jú. Àlùfáà Samuel Johnson parí ìwé ìtàn ilẹ̀ Yorùbá rẹ̀ ní 1897, lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n fi ránṣẹ́ sílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti tẹ̀ ẹ́, ó sọnù síbẹ̀. Johnson kú ní 1901 láìfojú kàn án. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, fi àwọn àkọsílẹ̀ tó kù nílé tún ìwé náà kọ. Nígbà tó fi ìyẹn ránṣẹ́ ní 1916, ogun ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ojú omi Appam tó gbé e bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì, wọ́n sì tù ú lọ sí Amẹ́ríkà. Ó di 1921 kí The History of the Yorubas tó jáde. Bí kò bá sí àwọn pépà tó kù nílé ni, à bá má ní in rárá. Lónìí Google Drive ń fúnni ní àyè gígábáìtì 15 láìgba owó, ìwé ìtàn àròsọ yín kò sì lè kún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Síbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ pé olè gbé lápútọ́ọ̀pù lọ, ìwé lọ.

Nígbà yìí ni Ṣómólú kàn. Ojú ewé 16 ni àwọn atẹ̀wé sábà máa ń tẹ̀ pọ̀ lórí pépà ńlá kan, nítorí náà ìwé olójú ewé 160 á bọ́ sí i wẹ́kú, ti 163 á ná yín lówó ojú ewé tí kò ní ohunkóhun nínú. Bí ẹ̀dà tí ẹ fẹ́ bá kéré, ẹ ní kí wọ́n ṣe DI fún yín, ìyẹn títẹ̀ tààrà láti orí kọ̀ǹpútà, kí ẹ má san owó pléètì. Ẹ̀dà kan á wọ́n ju bí ó ṣe máa rí lórí ẹgbẹ̀rún lọ, òótọ́ ni, àmọ́ ìwé 100 tó tà tán sàn ju 1,000 tó sùn. Ẹ rí i pé fọ́ǹtì wà nínú PDF tí ẹ gbé fún wọn. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ wọn á pààrọ̀ rẹ̀, gbogbo ẹ́ yín á di àpótí òfìfo. Ẹ gba ẹ̀dà àyẹ̀wò kan, ẹ kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin kí ẹ tó ní kí wọ́n máa tẹ̀ ẹ́ lọ. Ẹ wo èèpo ìwé náà pẹ̀lú: àwọn tó ń ṣe èèpo ìwé fẹ́ràn láti yọ àmì kúrò lórí àkọlé, wọ́n ní ó ń ba ẹwà jẹ́. Àkọlé tí wọ́n ti yọ àmì rẹ̀ wá di orúkọ ìwé mìíràn.

Ilé Ìkàwé Orílẹ̀-èdè wa ló ń fúnni ní nọ́ńbà ISBN. Nọ́ńbà 13 ni, ti Nàìjíríà sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 978-978. Òfin 1970 tó ń darí ilé ìkàwé náà ní kí ẹni tó tẹ ìwé kó ẹ̀dà mẹ́ta fún wọn. Bí ẹ bá ti tẹ ìwé fúnra yín, ẹ̀yin ni òfin ń bá wí. Ní ti ẹ̀tọ́ òǹkọ̀wé, tiyín ni láti ìgbà tí ẹ ti kọ ọ́, òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2022 sì ń dáàbò bò ó títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú yín. Ẹni tó bá gbé ìwé àdéhùn wá pé kí ẹ fọwọ́ sí i, pé òun fẹ́ "bá yín gbé e lárugẹ", ẹ kà á pẹ̀lú agbẹjọ́rò.

Ìkójáde ńkọ́? Kò burú. Alága á wà, baba ìsàlẹ̀ á wà, ìyá ìsàlẹ̀ á wà, onílù á ki oríkì, ẹnì kan á sì ra ẹ̀dà kan ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún iye owó rẹ̀ nítorí kámẹ́rà. Owó yẹn ń san gbèsè atẹ̀wé, mi ò sì ní bá ẹnikẹ́ni wí tó bá gbà á. Ọlọ́lá tó rà á kò ní kà á, ẹ mọ̀, òun náà mọ̀. Iṣẹ́ títà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, nígbà tí àga ti kúrò lábẹ́ ìbòòji.

Ibo lẹ ó gbà? Rédíò ni mo kọ́kọ́ máa lọ. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń ṣe ètò Yorùbá láàárọ̀ ń wá ohun tí wọ́n máa kà, ní Bond FM, ní Fàájì FM, ní ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má gbé odindi ìwé lọ bá wọn. Ẹ gbé ojú ewé kan tó máa gba ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí àmì ohùn rẹ̀ pé, kí ẹnu wọn má kọsẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ẹ wá àwọn olùkọ́ Yorùbá ilé ìwé girama, ẹ fi ẹ̀dà kan tọrẹ, ẹ má bẹ̀ wọ́n kí wọ́n rà á. Ilé ìtàwé náà dára, àmọ́ wọ́n á gba ìdá tiwọn, tó lè tó 30% tàbí 40%, ìwé yín á sì jókòó sórí pẹpẹ kí wọ́n tó san owó. Ẹ ṣírò ìyẹn mọ́ iye tí ẹ máa tà á kí ẹ tó kọ iye sẹ́yìn ìwé.

Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, Selar ń gba owó náírà, ó sì ń bá òǹkọ̀wé fi ìwé ránṣẹ́ fún ẹni tó rà á. Amazon ń san 35% tàbí 70% lórí ìwé Kindle; kí ẹ tó lè gba 70%, owó ìwé gbọ́dọ̀ wà láàárín dọ́là 2.99 sí 9.99, kì í sì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè ló kàn. Ohun tí Amazon fi wúlò jù fún wa ni pé ó lè tẹ ẹ̀dà kan ṣoṣo nígbà tí ẹnì kan bá rà á. Ìyá tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń wá ìwé Yorùbá fún ọmọ rẹ̀ kò ní san owó ọkọ̀ òfurufú láti Èkó. Ẹ kọ́kọ́ ka àtòjọ èdè tí ilé ìtajà kọ̀ọ̀kan ń gbà, nítorí kì í ṣe gbogbo wọn ló fi Yorùbá sí i.

Ọ̀rọ̀ kékeré kan wà tí ọ̀pọ̀ ń gbójú fò. Òǹkàwé kì í tẹ àmì sórí Google. "Iwe itan Yoruba" ni wọ́n ń wá. Nínú àlàyé ìwé yín lórí ìkànnì, ẹ kọ àkọlé náà pẹ̀lú àmì, kí ẹ sì tún kọ ọ́ láìsí àmì nísàlẹ̀, kí ẹni tó ń wá a lè rí i. Lórí ìwé fúnra rẹ̀, kí gbogbo àmì pé.

Nígbà tó bá di oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìkójáde, ẹ gbé àkójọ orúkọ òǹkàwé tí ẹ ti ń gbà sílẹ̀ jáde. Ẹ pe márùn-ún lára àwọn tó ra ìwé náà. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn, gbogbo wọn ló máa ní ó dùn. Ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ ẹni tó wà lójú ewé tí wọ́n kà kẹ́yìn. Bí márààrún bá dárúkọ ẹnì kan náà ní orí kẹrin, ibẹ̀ ni ìwé ti sú wọn; orí kẹrin ni kí ẹ tún ṣe kí ẹ tó padà sí Ṣómólú lọ tẹ ìpele kejì.